Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà, Ó Ju Èje Lọ: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìtànṣán Abẹ́-Pupa

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ áyọ́ọ̀nù eléèédú. Kí ìyá wa tó gbé e lé aṣọ, yóò kọ́kọ́ gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láì jẹ́ kí ó kan ara. Bí ó bá ti gbóná tó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sọ fún un. Ìdí áyọ́ọ̀nù náà kò pọ́n, kò tan ìmọ́lẹ̀, kò sì kan ara, síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ̀ pé ooru wà níbẹ̀. Kí ni ó jáde lára irin tí ó fi dé ẹ̀rẹ̀kẹ́? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ náà ju áyọ́ọ̀nù lọ. Ní ọdún 2020 àti 2021, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde, ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn bá fẹ́ gbà wọlé, ìbáà ṣe ti ilé ìwé, ti báńkì, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, wọ́n á na ẹ̀rọ kan tí ó dà bí ìbọn sí i níwájú orí. Ilé ìwé girama ni àwa wà nígbà náà ní Kàdúná. Ìròyìn gba ìgboro pé ẹ̀rọ náà ń ta iná sínú ọpọlọ, pé ẹni tí wọ́n bá ń nà án sí lójoojúmọ́ yóò di arìndìn. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wa ti ń na ọrùn ọwọ́ sí mẹ́gádì dípò iwájú orí. Láàárín ìgbà kan náà, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré mìíràn há ìyá wa ní ọmọ ìka ní ilé ìwòsàn kan. Ìyẹn kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Abẹ́-pupa ni ẹ̀rọ méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a wọ yunifásítì tí a sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, a wá rí i pé a bẹ̀rù èyí tí kò yẹ kí á bẹ̀rù, a sì fi ọkàn tán èyí tí ó yẹ kí á bi léèrè.

1. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i

William Herschel ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Hannover ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1738. Olórin ni, iṣẹ́ orin ni ó sì ń ṣe jẹun nígbà tí ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ àjòjì ni níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹ́ níhìn-ín. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń ha dígí tí ó fi ń wo ìràwọ̀, òun ni ó sì rí Uranus ní ọdún 1781.

Ní ọdún 1800, Herschel ń wá gíláàsì aláwọ̀ tí yóò fi bo ẹnu awò rẹ̀ kí oòrùn má baà fọ́ ọ lójú. Ó ṣàkíyèsí pé gíláàsì kan a máa dí ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ ooru a máa là á kọjá. Òmíràn a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ooru kò ní tó nǹkan. Ó wá rò ó pé bóyá àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀.

Ẹ rántí pé Isaac Newton ti fi gíláàsì oníhà-mẹ́ta ya ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí wẹ́wẹ́ ṣáájú àkókò yìí. Àwọ̀ méje ni ó kà: pupa, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé, aró, ẹlú, àti àwọ̀ àlùkò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń hàn nínú òṣùmàrè. Herschel jẹ́ kí àwọ̀ wọ̀nyí bọ́ sórí tábìlì. Ó gbé tẹmómítà tí ó kun orí rẹ̀ ní dúdú sínú àwọ̀, ó sì gbé òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí àwọ̀ kò dé, kí ó lè máa fi èkíní wé èkejì. Àwọ̀ àlùkò mú tẹmómítà gbéra díẹ̀. Ti àwọ̀ ewé jù ú lọ. Ti pupa ju ìlọ́po mẹ́ta ti àlùkò lọ.

Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ì bá ti ká tábìlì rẹ̀ kúrò. Herschel sún tẹmómítà náà kọjá pupa, sí ibi tí ojú kò rí àwọ̀ kankan mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ooru ti pọ̀ jù. Àwọn àgbà wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Newton ka méje, Herschel bá ìkẹjọ pàdé níbi tí ojú ti sọ pé kò sí nǹkan. Kò dúró síbẹ̀ náà. Ó fi dígí dá ìtànṣán aláìrí yìí padà, ó fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, ó sì rí i pé òfin tí ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ lé ni òun náà ń tẹ̀ lé.

2. Kí ni ìtànṣán abẹ́-pupa?

Infrared ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Èdè Látìn ni wọ́n ti mú apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ìsàlẹ̀" tàbí "abẹ́". Nítorí náà ni a ṣe pè é ní ìtànṣán abẹ́-pupa nínú ìwé yìí. Inú ilé ni àwa ti kọ́ Yorùbá tiwa, lẹ́nu ìyá àti bàbá, ní ìlú tí Hausa ti gba ìgboro. Bí ẹni tí ó dàgbà sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú bá ní orúkọ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí olóòtú. A ó dúpẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìgbì, bí ìgbì tí ń jí nígbà tí a bá ju òkúta sódò. Láti orí ìgbì kan dé orí èyí tí ó tẹ̀ lé e ni a ń pè ní gígùn ìgbì. Máíkírómítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírómítà kan. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí bẹ̀rẹ̀ láti bí 0.4 ní ìhà àlùkò, ó sì parí sí bí 0.7 ní ìhà pupa. Abẹ́-pupa bẹ̀rẹ̀ láti 0.7, ó sì lọ títí dé 1,000.

Ẹ wo bí ilẹ̀ náà ti fẹ̀ tó. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo rẹ̀, tí ó rò pé ìwà kan náà ni wọ́n ń hù, ó dà bí ẹni tí ó ní gbogbo ará Nàìjíríà ni ó gbọ́ Yorùbá. Fún ẹ̀kọ́ yìí, apá méjì ni a ó mú nínú rẹ̀. Apá kìíní ni abẹ́-pupa ìtòsí, tí ó múlé gbe pupa, láti 0.7 dé nǹkan bí 1.4. Apá kejì ni abẹ́-pupa ọ̀nà-jíjìn, láti nǹkan bí 8 dé 14. Ẹ di ìyàtọ̀ méjèèjì yìí mú dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Ohunkóhun tí ó bá ní ooru nínú ń tan ìtànṣán jáde: irin, ògiri, ewúrẹ́, ènìyàn, yìnyín pàápàá. Bí nǹkan bá ṣe gbóná sí ni ìgbì rẹ̀ ṣe ń kúrú sí. Wilhelm Wien, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi òfin yìí lélẹ̀ ní ọdún 1893. Ẹ mú 2,898, kí ẹ fi ìwọ̀n ooru nǹkan náà lórí òṣùwọ̀n Kelvin pín in. Ìdáhùn rẹ̀ ni gígùn ìgbì tí ìtànṣán nǹkan náà ti pọ̀ jù. Ojú oòrùn tó bí 5,800 Kelvin, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 0.5, láàárín ohun tí ojú ń rí. Awọ ara ènìyàn tó bí 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn 306 Kelvin, ìdáhùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9.5. Ọ̀nà-jíjìn nìyẹn. Gbogbo wa ni a ń tàn bí àtùpà tọ̀sán-tòru, ojú ni kò mọ̀.

Iye tí a ń tàn kò kéré. Josef Stefan ní ọdún 1879, àti Ludwig Boltzmann ní ọdún 1884, fi ọ̀nà tí a fi ń ṣírò rẹ̀ hàn. Mítà kan níbùú lóròó lára awọ wa ń tan bí 490 wáàtì jáde. Bí ògiri yàrá bá wà ní 25 Celsius, òun náà ń tan bí 440 padà sí wa lára. Bí 50 wáàtì ni a ń pàdánù. Bí ògiri bá tutù sí i, àdánù náà á pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí òtútù fi ń mú ènìyàn nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ tutù, bí atẹ́gùn kò tilẹ̀ fẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò, kí ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná oníṣùyà ní alẹ́. Kí ó fi páálí bo iwájú ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó sì mú un kúrò. Ooru ojú yóò lọ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé atẹ́gùn gbígbóná nìkan ni ó ń gbé ooru náà wá, kì bá tí yára tó bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán ni, ó sì ń rìn bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rìn. Kí ó ra ṣùyà díẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀, kí oníṣùyà má baà rò pé orí rẹ̀ dàrú.

3. Ìdí tí ọyẹ́ òkè Ọya fi ń mú ju ti ilé lọ

Àwọn tí wọ́n ń lọ sílé ní Kérésì mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ní ìhín, ọ̀sán á mú wa laagùn, òru á sì mú wa wọ súwẹ́tà méjì. Ní Èkó, oòrùn á wọ̀ tán, ooru kò ní lọ.

Ní ọdún 1856, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Eunice Foote, fi ìdánwò hàn pé afẹ́fẹ́ tí ó ní oruku omi nínú àti gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì máa ń gbóná nínú oòrùn ju afẹ́fẹ́ gbígbẹ lọ. Láti ọdún 1859, John Tyndall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn bí àwọn gáàsì wọ̀nyí ṣe ń gbé abẹ́-pupa mì. Oruku omi inú afẹ́fẹ́ dà bí aṣọ ìbora. Ní òru, ilẹ̀ ń tan ooru tí ó kó jọ lọ́sàn-án padà sí òfurufú, ní abẹ́-pupa ọ̀nà-jíjìn. Ní Èkó, omi inú afẹ́fẹ́ ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, ó sì ń dá apá kan padà sílẹ̀. Ní ìhín nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ìkùukùu kò sí, aṣọ ìbora ti ya. Ooru ilẹ̀ ń lọ tààrà.

4. Ìbọn ẹnu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ mẹ́gádì. Ẹ̀rọ tí ó ń nà sí wa kò ta ohunkóhun jáde fún wíwọn ooru. Iná pupa kékeré tí ó wà lára àwọn kan, ti ìfojúsùn ni, kí ẹni tí ó mú un lè mọ ibi tí ó nà án sí. Gbígbà ni ẹ̀rọ náà ń gbà. Iwájú orí wa ni ó ń tan abẹ́-pupa ọ̀nà-jíjìn jáde. Ojú ẹ̀rọ ń gbà á, ibi tí ó bọ́ sí ń gbóná díẹ̀, ìgbóná náà ń di iná mànàmáná bíńtín, ẹ̀rọ á sì fi ṣírò ìwọ̀n ooru ara. Ohun tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá wa ń ṣe níwájú áyọ́ọ̀nù ni ẹ̀rọ náà ń ṣe níwájú wa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ta nǹkan sí áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ kò sì ta nǹkan sí ọpọlọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí á mọ̀. Ní ọ̀nà-jíjìn, kò sí ènìyàn dúdú, kò sí ènìyàn funfun. Mẹlanín tí ń mú awọ wa dúdú kò ní ipa níbẹ̀. Awọ gbogbo ènìyàn ń tàn ní bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó pọ̀ jù tí nǹkan lè tàn ní ìwọ̀n ooru náà. Kò sí ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ yóò mú kí ẹ̀rọ yìí parọ́ mọ́ ọn.

Èyí kò sọ pé kì í ṣàṣìṣe. Òkè awọ ni ó ń wọ̀n, kò rí inú ara. Ọmọ kíláàsì wa kan fi ẹsẹ̀ rìn wá nínú oòrùn, ẹ̀rọ ní ara rẹ̀ tó 38, wọ́n sì ní kí ó padà sílé lọ́jọ́ tí a ní ìdánwò. Ọpẹ́lọpẹ́ tíṣà kan tí ó ní kí ó jókòó sábẹ́ igi ná. Kò pẹ́ tí ó di 36. Òógùn, oòrùn àti òtútù òwúrọ̀ a máa yí i padà. Ọrùn ọwọ́ tí a sì ń nà nítorí ìbẹ̀rù máa ń tutù ju iwájú orí lọ, nítorí náà ẹni tí ibà ń ṣe lè gba ibẹ̀ wọlé. Gíláàsì pàápàá ń tàn án jẹ: ojú ń la gíláàsì kọjá, ṣùgbọ́n abẹ́-pupa ọ̀nà-jíjìn kò lè là á. Ẹni tí ó bá nà án sí èrò inú ọkọ̀ láì yí gíláàsì sísàlẹ̀, gíláàsì ni ó wọ̀n.

Ní oṣù keje ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, wọ́n lo irú ẹ̀rọ yìí ní pápákọ̀ òfurufú. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú, kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá pé ó ti tán. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti wá gbogbo ẹni tí ó ti fara kan aláìsàn ni iṣẹ́ náà pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù.

5. Abẹ́-pupa ìtòsí

Ìwà ti ìtòsí yàtọ̀. Ara wa kò gbóná tó láti tàn án, nítorí náà àtùpà tàbí oòrùn ni a máa fi ń tàn án sí nǹkan, kí á tó wo èyí tí ó padà tàbí èyí tí ó là á kọjá. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò ó, ní 0.94 máíkírómítà. Ẹ kọjú orí rìmóòtù sí kámẹ́rà fóònù, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì kan. Lójú kámẹ́rà, ẹ ó rí iná kékeré tí ń ṣẹ́jú, èyí tí ojú lásán kò rí. Bí kámẹ́rà ẹ̀yìn kò bá rí i, ẹ lo ti iwájú, nítorí àwọn kan ní gíláàsì tí ń dí i.

Ewé náà mọ ìtòsí. Ewé tútù ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì láti fi se oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá abẹ́-pupa ìtòsí padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ọ̀dá bá mú un tàbí tí àrùn bá wọ̀ ọ́, ìwọ̀n méjèèjì á yí padà. NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì tí orílẹ̀-èdè wa rán lọ sí òfurufú láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ní ojú mẹ́ta: ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún abẹ́-pupa ìtòsí. Bí a bá fi èyí tí pupa rí wé èyí tí abẹ́-pupa rí, a ó mọ ibi tí igbó ti ń tán àti ibi tí oko ti ń rọ.

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ rí dì mú níbí ni pé ní ìtòsí, ohun tí ó wà nínú nǹkan náà ń sọ iye tí yóò gbé mì àti iye tí yóò dá padà. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ní ọ̀rọ̀ sọ.

6. Ẹ̀rọ orí ìka

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ru ọ́síjìn a máa pọ́n yòò. Èyí tí ọ́síjìn ti kúrò lára rẹ̀ a máa dúdú díẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń há ìka ní gílóòbù kékeré méjì lápá kan: ọ̀kan ń tan pupa, ní 0.66 máíkírómítà, èkejì ń tan abẹ́-pupa ìtòsí, ní 0.94. Ojú ẹ̀rọ wà ní òdìkejì, ó ń wọn iye tí ó la ìka já. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn ń gbé pupa mì ju èyí tí ó ní i lọ. Ní 0.94, èyí tí ó ní ọ́síjìn ni ó ń gbé e mì jù. Bí a bá fi ọ̀kan wé èkejì, a ó mọ ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ó ru ọ́síjìn nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹnjiníà ará Japan kan, Takuo Aoyagi, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Nihon Kohden, ni ó ní ọgbọ́n náà. Nǹkan bí ọdún 1972, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde, ṣùgbọ́n lílù iṣan ń da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Bí ó ti ń wá bí yóò ṣe mú lílù náà kúrò ni ó rí i pé lílù náà gan-an ni ó wúlò. Awọ, ẹran àti egungun kì í yí padà bí iṣan ti ń lù, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan nìkan ni ó ń pọ̀ tí ó ń dínkù. Bí ẹ̀rọ bá mú kìkì ohun tí ó ń jó pẹ̀lú iṣan, ẹ̀jẹ̀ iṣan ni ó mú yẹn. Ó kéde rẹ̀ ní ọdún 1974. Ó jáde láyé ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ní àkókò tí gbogbo ayé ń wá ẹ̀rọ rẹ̀ kiri nítorí kòrónà.

Níwọ̀n ìgbà tí awọ kì í jó pẹ̀lú iṣan, a ì bá rò pé àwọ̀ ara kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ nìyí. Òye nìkan kò tó láti sọ ìwọ̀n tí ó ṣàfiwé yìí di iye tí ẹ̀rọ ń kà. Wọ́n ní láti kó ènìyàn jọ, kí wọ́n dín ọ́síjìn tí wọ́n ń mí kù, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ iṣan wọn, kí wọ́n sì fi ohun tí ẹ̀jẹ̀ sọ tún ohun tí ẹ̀rọ sọ ṣe. Fún ọdún púpọ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń kó jọ. Bẹ́ẹ̀ mẹlanín ń gbé pupa mì ju abẹ́-pupa lọ. Lára awọ dúdú, pupa tí ó dé ojú ẹ̀rọ dínkù, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí sì yí padà díẹ̀. Ẹ̀rọ lè wá ka iye tí ó ga ju òtítọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1990, ìwádìí kan lórí àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ń bá mí ní Amẹ́ríkà ti rí i pé àṣìṣe náà pọ̀ sí i lára aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní San Francisco rí i pé ó ń pọ̀ sí i bí ọ́síjìn bá ti ń lọ sílẹ̀, nígbà tí aláìsàn nílò òtítọ́ jù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan tẹ iṣẹ́ tiwọn jáde. Wọ́n wo àwọn àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ ti ka 92 sí 96, èyí tí dókítà yóò rò pé kò burú. Nínú ti aláwọ̀ dúdú, 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ọ́síjìn kò tó 88. Nínú ti aláwọ̀ funfun, 3.6 ni. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Nígbà tí a kà á, ìyá wa ni a rántí. Ẹ̀rọ ka 95 fún un ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n kò lè sọ gbólóhùn kan parí láì dúró mí. Àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin ni ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù tí ó kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wo nọ́ńbà. Èémí yín ni kí ẹ wò. Ẹ padà síbẹ̀ kíá." Wọ́n padà, wọ́n gbà á sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní ọ́síjìn, ó sì wà láàyè lónìí. Ọwọ́ tútù lè fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, awọ dúdú náà lè fà á. Ohun tí ó yè é ni pé ẹnìkan wà nínú ẹbí tí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ lè ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ má ju ẹ̀rọ náà nù, ó ń gba ẹ̀mí là lójoojúmọ́. Ẹ lò ó pẹ̀lú òye. Kí ọwọ́ móoru. Kí ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò, kí ẹ sì lo ìka tí kò ní làálì dúdú. Ẹ wo bóyá iye náà ń lọ sílẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí, ẹ má gbára lé kíkà ẹ̀ẹ̀kan. Bí èémí ẹni bá ń há, ẹ gbé e lọ bá dókítà, ohun yòówù kí ẹ̀rọ kà.

7. Iṣẹ́ wo ni ó kù fún wa?

Ní ọdún 2013, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà sọ pé kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ orí ìka dán an wò lára ènìyàn mẹ́wàá ó kéré tán, kí méjì nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tàbí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni méjì péré! Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n gbé àbá tuntun jáde tí ó ní kí iye náà di 150 ó kéré tán, kí gbogbo oríṣi àwọ̀ ara sì wà nínú rẹ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ni aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, kò sì yẹ kí ó jẹ́ pé òkèèrè ni a ó ti máa retí ẹni tí yóò dán an wò fún wa. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka físíìsì, ìṣègùn àti ẹnjiníà, kókó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ń bẹ níbí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí wa nílé, kí ẹ̀rù ohun tí kò lè pa wá má baà bà wá mọ́, kí á sì lè máa bi ohun tí a fi ọkàn tán léèrè. Herschel kò ṣe ju pé ó sún tẹmómítà kan kọjá ibi tí àwọn yòókù ti dúró.

Ìdánrawò

1. Bí ìdí áyọ́ọ̀nù bá gbóná dé 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn 473 Kelvin, kí ni gígùn ìgbì tí ìtànṣán rẹ̀ ti pọ̀ jù? Ṣé ojú lè rí i?

2. Fi ọ̀nà méjì tí abẹ́-pupa ìtòsí fi yàtọ̀ sí ti ọ̀nà-jíjìn hàn nípa bí wọ́n ṣe ń bá awọ ara ènìyàn lò.

3. Kí ló dé tí òru tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run kì í fi tutù tó òru tí ojú ọ̀run mọ́?

4. Ẹ ṣàlàyé fún àgbàlagbà kan nílé, ní Yorùbá, láì lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ìdí tí ìbọn ẹnu ọ̀nà kò fi lè ṣe ọpọlọ níbi. Bí ó bá yé e, ẹ ti yege.